Báwo lẹ ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo lára òròmọdìẹ?

Ará Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Adìẹ ìbílẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ. Mo tún ra òròmọ díẹ̀ kún tirẹ̀ ní Ìwó Road lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń gbé páálí kiri, ó ní Noiler ni, irú adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin. Abo ni mo ń fẹ́ nítorí ẹyin ni mo ń wá. Onílé wa sì ti sọ ọ́ létí mi pé òun ò ní gbà kí àkùkọ máa kọ sí òun létí ní ìdájí. Ọkùnrin tó tà wọ́n fún mi gbá ọ̀kan mú lọ́rùn, ó gbé e sókè, ó ní bó bá ká ẹsẹ̀ jọ, abo ni, bó bá na ẹsẹ̀ sílẹ̀, akọ ni. Gbogbo èyí tó gbé ló ká ẹsẹ̀ jọ! Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin máa ń wò? Wọn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá Ẹlẹ́yin

Ọmọ mi, o kú oríire. Ti kí á máa gbé wọn lọ́rùn yẹn, jẹ́ kó mọ síbẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Èyí tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni pé kí a wo ẹyin kí adìẹ tó sàba lé e. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ṣóńṣó, akọ ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá rí róbótó, abo ni. Nígbà mìíràn, róbótó ni kí o ṣà sábẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹyin yìí díẹ̀. Ẹ wo adìẹ kan ṣoṣo tó ń yé nílé yín. Irú ẹyin tó bá ń yé náà ni yóò máa yé. Èyí tí ẹyin rẹ̀ ṣóńṣó kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yé róbótó. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ẹyin ló ń sọ ọ́, adìẹ ẹlẹ́yin ṣóńṣó ì bá máa pa kìkì àkùkọ, kò sì sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí láàárín wa.

Àríyànjiyàn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyin gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó, abo ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù, Columella àti Pliny ní rárá o, akọ ni. Ẹ ò rí i pé ti àwọn ará Róòmù ni Ìyá wa ń tẹ̀lé!

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Lára èèyàn, ọ̀dọ̀ bàbá ni ohun tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin tàbí obìnrin ti ń wá. Lára adìẹ, ọ̀dọ̀ ìyá ni. Àkùkọ ní krómósómù Z méjì (krómósómù ni ohun kékeré inú ara tó ń gbé àjogúnbá), abo ní Z kan àti W kan. Kò sí ohun mìíràn tí àkùkọ lè fún ọmọ ju Z lọ. Bí ìyá náà bá fún un ní Z, akọ dé. Bó bá fún un ní W, abo dé. Kí èèpo tó bo ẹyin rárá lọ̀rọ̀ yẹn ti parí, nítorí náà ooru tí ẹ fi pa á kò lè yí i padà. Ọ̀nì àti ọ̀pọ̀ ìjàpá ni ooru ilẹ̀ tí wọ́n yé ẹyin sí ń pín akọ àti abo fún. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ìpa-ẹyin fún yín, tó ní ó lè pa kìkì abo, ẹ má fún un lówó.

Ìyá Ẹlẹ́yin

Mo gbọ́, ọmọ ilé-ìwé. Ẹyin náà ló sì ń di àkùkọ, ṣóńṣó ni o, róbótó ni o. Ó dáa, níwọ̀n bí o ti gba tèmi dànù, kí ni kí ọmọ yìí wá máa wò?

Mo Ti Ṣe Hatchery Rí

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń ya akọ sọ́tọ̀ ní hatchery, ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin, lọ́jọ́ tí ọmọ bá jáde. Mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí Ará Àkóbọ̀ má tíì yọ̀, torí mi ò rò pé ọ̀kan nínú wọn máa bá adìẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mu.

Ti ihò ìdí làkọ́kọ́. Àwọn ará Japan ló gbé e jáde. Masui àti Hashimoto ló ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ibẹ̀ ló ti tàn káyé. Wọ́n á tẹ ìgbẹ́ ọmọ náà jáde, wọ́n á ṣí ihò ìdí rẹ̀ lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá wo kókó kékeré kan níbẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ. Bó bá wà níbẹ̀, tó le, akọ ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn abo kan náà ní kókó, ó kàn máa ń rọ̀ ju ti akọ lọ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín wákàtí kan, èyí tó máa ṣì mú kò sì ní tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ pẹ́, ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ọwọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n á já ọmọ náà nífun, tàbí kó tẹ pupa ẹyin tó ṣẹ́kù sí i nínú fọ́, ó di òkú nìyẹn.

Èkejì ni ìyẹ́ apá. Gbogbo yín lẹ ti rí fídíò ẹ̀ lórí WhatsApp. Wọ́n á na apá ọmọ, wọ́n á ní ìyẹ́ tó gùn tó kúrú yìí, abo nìyí. Kì í ṣe irọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Jíìnì kan, ìyẹn àjogúnbá kan, wà tó ń mú kí ìyẹ́ pẹ́ kó tó hù, orí Z tí ọmọ ilé-ìwé sọ yẹn ló sì wà. Hatchery á mọ̀ọ́mọ̀ kó àkùkọ tí ìyẹ́ tirẹ̀ ń tètè hù pọ̀ mọ́ abo tí tirẹ̀ ń pẹ́. Akọ nìkan ni ìyá ń fún ní Z rẹ̀, nítorí náà akọ nìkan ni yóò jogún ìpẹ́. Ti bàbá ni àwọn abo máa gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹ́ gígùn apá abo á ti yọ kọjá ìyẹ́ kéékèèké tó bò ó, ti akọ á dọ́gba tàbí kó kúrú sí i. Bí wọn ò bá so ìyá àti bàbá pọ̀ lọ́nà yẹn, ìyẹ́ gígùn kò sọ nǹkan kan ju pé ìyẹ́ ọmọ yẹn ń tètè hù lọ.

Àwọ̀ ni ẹ̀kẹta, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ojú lásán ti tó o. Isa Brown tí ẹ ń rà fún ẹyin, abo rẹ̀ máa ń jáde ní pupa rúsúrúsú, akọ rẹ̀ á jáde ní funfun tó fẹ́ yẹ́lò díẹ̀. Ìyá wọn ló ní funfun, bàbá ló ní pupa. Ìyá fún àwọn ọmọkùnrin ní funfun, ó tán. Torí náà, bí ẹnìkan bá pè yín wá ra abo Isa Brown, tí ẹ ṣí páálí tí gbogbo rẹ̀ funfun, ẹ yáa padà sílé. Ti Nera, dúdú ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àmì funfun máa ń wà lórí akọ, abo kì í ní in. Àwọn akọ yẹn náà ló ń dàgbà di alábàwọ́n dúdú àti funfun tó kún inú àgò àwọn aládìẹ nígbà Kérésì.

Ẹ tẹ́tí sí èyí, torí mo ti rí i tó ń dá ìjà sílẹ̀: àwọ̀ yìí kò kọjá ìran kan. Bí ẹ bá fi àkùkọ Isa Brown gun abo Isa Brown, funfun á wà nínú akọ, á wà nínú abo, pupa náà bẹ́ẹ̀.

Ará Àkóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn tí mo rà yẹn oríṣiríṣi àwọ̀ ni o. Pupa wà, dúdú wà, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó dúdú tó sì ní funfun lórí. Ṣé kí n gbà pé akọ ni ìyẹn?

Mo Ti Ṣe Hatchery Rí

Ó lè jẹ́ akọ, mi ò ní búra. Àfi kí a mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ní ilà lára, tí bàbá rẹ̀ kò ní. Bó bá jẹ́ bàbá ló ní ilà, akọ àti abo ló máa ní àmì yẹn. Àwọn adìẹ ìbílẹ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé funfun á kàn ta sí wọn lára báyìí, kò ní ìtumọ̀.

Bó bá wù ọ́, o lè fúnra rẹ ṣe é lọ́jọ́ iwájú. Wá abo dúdú tó ní ilà funfun yíká ara, kí o wá àkùkọ dúdú tàbí pupa tí kò ní ilà rárá. Má lo àkùkọ funfun. Àwọn ọmọ á jáde ní dúdú, èyí tó bá ní àmì funfun lórí, akọ ni.

Bàbá Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú àpérò. Adìẹ tó ń jẹ̀ kiri ni tèmi, kò sí páálí, kò sí hatchery, nítorí náà sùúrù ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ìwọ Ará Àkóbọ̀, ohun tí wàá ṣe nìyí. So okùn aláwọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ kí o lè dá wọn mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa tú u kí ó tó fún wọn, torí ẹsẹ̀ òròmọ kì í pẹ́ ki.

Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, orí ni kí o máa wò. Ogbe akọ á tètè yọ, á nípọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Jọ̀jọ̀ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà á máa yọjú. Ti abo á ṣì lẹ̀ mọ́ orí ní yẹ́lò tàbí pupa ráúráú. Ẹsẹ̀ akọ máa ń ki, ó sì máa ń ga. Wo ẹ̀yìn wọn náà: abo sábà máa ń tètè fi ìyẹ́ bo ẹ̀yìn àti ìdí, nígbà tí akọ á ṣì wà ní ìhòòhò ẹ̀yìn, tí ìrù rẹ̀ á dúró ní kùkùté. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún ni pé kí o má fi ọmọ adìẹ yìí wé ti adìẹ tọ̀hún. Ọmọ ìyá kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ni kí o fi wé ara wọn. Ogbe Noiler olóṣù kan àti ti ìbílẹ̀ olóṣù kan kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ti pé wọ́n ń na ìyẹ́ ọrùn síra wọn, tí wọ́n ń fò mọ́ra wọn, má kà á sí. Akọ ń ṣe é, abo ń ṣe é, eré ọmọdé ni.

Èyí tí mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí ni ìyẹ́ ìbàdí. Nígbà tí wọ́n bá tó bí oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, gbé e, wo ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ kan ìrù. Akọ á ti máa hu ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, tó ń ṣẹ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ti abo á rí róbótó lẹ́nu. Ìyá Ẹlẹ́yin, ibí yìí ni ṣóńṣó àti róbótó yín wà o, kì í ṣe lára ẹyin!

Ìyá Ẹlẹ́yin

Ó dáa náà, Bàbá Ìṣẹ́yìn. Mo ti gba ìdajì rẹ̀ padà.

Olókó Ọ̀ṣun

Ẹ gbà mí láyè kí n fi kan kún ti Bàbá. Tó bá jẹ́ abólọ́rùn lo ní, ìyẹ́ ọrùn tí àwọn ẹlòmíràn fi ń mọ akọ kò sí níbẹ̀, ìbàdí nìkan ni kí o máa wò. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, tó ń tú síta bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò ṣeé fi ẹnu ìyẹ́ dá mọ̀ rárá. Ogbe àti ẹsẹ̀ ni kí o gbójú lé. Ti òpìpì ẹ̀wẹ̀, ibo ni wọ́n ti fẹ́ wo ìyẹ́ apá lára ẹni tí kò ní in? Mo rí ẹnìkan tó ń na apá òpìpì nínú fídíò tó ń ṣàlàyé fún ayé, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ Yorùbá ní Kent

Ẹ kú ilé o. Níbí, akọ gan-an ni ìṣòro. Bó bá ń kọ ní ìdájí, aládùúgbò lè fi ẹjọ́ rẹ sun kánsù, ẹni tó bá sì fẹ́ fi í tọrẹ kì í tètè rí ẹni gbà á. Ìyẹn ló mú kí àwọn kan máa sin irú adìẹ tí akọ àti abo rẹ̀ yàtọ̀ láti ọjọ́ tó jáde. Cream Legbar ni tèmi. Àwọn onímọ̀ méjì, Punnett àti Pease, ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní Cambridge. Abo rẹ̀ á jáde pẹ̀lú ilà dúdúdúdú tó hàn ketekete láti orí dé ìdí, àwọ̀ akọ á mọ́ ju ti abo lọ, pẹ̀lú àmì lórí. Kò dà bí Isa Brown tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, torí ọmọ ọmọ wọn náà á máa rí bẹ́ẹ̀, bí a kò bá ṣáà ti pa wọ́n pọ̀ mọ́ irú mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹ rántí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin Ìlú Ọba ti sọ ọ́ di dandan ní England àti Wales kí a forúkọ adìẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ní Jámánì, wọ́n ti fòfin de pípa òròmọdìẹ akọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Àwọn hatchery kan níbẹ̀ ń yẹ ẹyin wò kí ọmọ tó jáde rárá.

Mo Ti Ṣe Hatchery Rí

Ti tiwa sàn níbi yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn akọ tí wọ́n ń dà nù níbòmíràn, títà ni à ń tà wọ́n níbí, owó wọn sì rọrùn ju ti abo lọ púpọ̀. Àwọn ènìyàn á sìn wọ́n dé Kérésì. Ibi tí jìbìtì ti ń wọlé náà nìyẹn: wọ́n á ra akọ lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á kó o sí páálí, wọ́n á tà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lówó abo.

Ará Àkóbọ̀

Mo padà dé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ti lé ní oṣù méjì. Lára ti ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú, ogbe ti pín wọn. Lára àwọn tí mo rà, ó dà bíi pé akọ ló pọ̀ jù (mo mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́ fún mi). Èyí tó ní funfun lórí yẹn, akọ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ogbe rẹ̀ pọ́n gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ ìbàdí rẹ̀ róbótó. Ó sì ké ohùn kan lánàá tó jọ kíkọ. Onílé ti yọjú lójú fèrèsé.

Bàbá Ìṣẹ́yìn

Dúró ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i kí o tó pinnu lórí rẹ̀. Ìyẹ́ ni kí o gbà gbọ́ ju ogbe lọ, torí ogbe àwọn abo kan máa ń tètè pọ́n. Bí ìyẹ́ ṣóńṣó kò bá yọ ní ìbàdí rẹ̀ títí oṣù kẹrin, abo lo ní. Àwọn ìyókù tó ti dá ọ lójú pé akọ ni wọ́n, kó wọn kúrò nísinsìnyí kí wọ́n tó kọ́ orin onílé yín. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kó tó pé oṣù mẹ́ta.

Ìyá Ẹlẹ́yin

Abo tó bá ń kọ, láyé àtijọ́ àwọn kan á ní èèmọ̀ ni, wọ́n á yáa pa á jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn

Àìsàn ló sábà máa ń fà á, Ìyá wa, pàápàá lára abo tó ti dàgbà. Ilé ẹyin ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú adìẹ. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, tọwọ́ ọ̀tún tó ti ń sùn lè jí kó máa ṣe bíi ti akọ. Ogbe á wú, kíkọ á bẹ̀rẹ̀, ẹyin á dáwọ́ dúró. Ti Ará Àkóbọ̀ ṣì kéré fún ìyẹn. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ké, tí òun wà nítòsí.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé o ò nílò àkùkọ kankan kí o tó jẹ ẹyin? Abo á yé láìsí akọ nílé. Ìgbà tí o bá fẹ́ kó pamọ nìkan ni wàá wá akọ.

Ará Àkóbọ̀

Mi ò mọ̀ rárá! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo akọ ń lọ sọ́jà lópin ọ̀sẹ̀ yìí, onílé á sinmi. Ẹ ṣeun, Bàbá, Ìyá, gbogbo yín.

Olókó Ọ̀ṣun

Kí ẹ tó túká, ta ló mọ ti awó? Mo ra wọn, gbogbo wọn jọra, kò sí ogbe tí mo lè fi wé ara wọn.

Bàbá Ìṣẹ́yìn

Etí ni wọ́n fi ń mọ awó. Bí wọ́n bá ti tó oṣù méjì sí mẹ́ta, jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kí o gbọ́ igbe wọn. Abo máa ń ké ohùn méjì tó tẹ̀léra, èkejì á ga ju àkọ́kọ́ lọ, á sì máa ké e ní àkétúnké. Akọ kì í ké ohùn méjì yẹn láéláé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gé jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ba abo, òun náà lè ké ohùn kan bíi ti akọ, nítorí náà èyí tó bá ké méjì ni kí o so okùn mọ́ lẹ́sẹ̀, má tíì pe èyí tó ké ẹyọ kan ní akọ títí wàá fi ṣọ́ ọ dáadáa.